ÌKA TÍ Ó ṢẸ̀ NI ỌBA Ń GÉ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbẹ̀ olóko, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí palàbà gbọ́. Ní àwọn ìlú wa, bí ọlọ́pàá kò bá rí ọmọ tí ó ṣẹ̀, bàbá rẹ̀ ni wọn a mú. Bí wọn kò bá rí ọkọ, wọn a mú aya. Bí àgbẹ̀ bá jẹ gbèsè, olówó a kọ kóòtù sílẹ̀, a gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, wọn a sì ti olóko mọ́lé bí olè. Ara ògiri ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Inú ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń san owó rẹ̀.

Òfin wo ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Kò sí! Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kà á léèwọ̀ láti mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn, tàbí láti mú ènìyàn nítorí àdéhùn lásán tí kò mú ṣẹ. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní apá 35, pàṣẹ pé kí a kọ ìdí tí a fi mú ènìyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó gbọ́. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni a gbọ́dọ̀ fi gbé e dé ibẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ṣé kí olè máa rìn fàlàlà ni?” Rárá o. Ẹni tí ń jí kòkó tí a sá sílẹ̀ kó, ọ̀tá wa ni. Kí wọ́n mú un, kí wọ́n wá ẹ̀rí, kí adájọ́ sì dá a lẹ́jọ́. Ohun tí a kọ̀ ni kí a to ènìyàn síwájú oníròyìn, kí a ya àwòrán rẹ̀ kiri ayé, nígbà tí apá 36 ṣì ń pè é ní aláìṣẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin ọdún 2021 dá àṣà náà lẹ́kun. Bí kóòtù bá dá a sílẹ̀ lọ́la, ta ni yóò tún pe oníròyìn jọ? Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé tí ó kọ “a mú un” tí kò kọ “a dá a láre”, ìwé èké ni.

Kí ni ṣíṣe? Òfin ọdún 2020 náà pàṣẹ pé, ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn oṣù, kí ọ̀gá àgọ́ fi ọ̀ràn gbogbo àwọn tí a mú láìsí ìwé-àṣẹ ránṣẹ́ sí adájọ́ májísíréètì tí ó súnmọ́ wọn jù, kí adájọ́ sì máa bẹ àgọ́ wò lóṣooṣù. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan yan ọ̀mọ̀wé méjì tí yóò máa béèrè lóṣooṣù pé: ṣé a ti fi ìwé náà ránṣẹ́? Ṣé adájọ́ ti dé? Ẹni tí a bá sì mú lòdì sí òfin, kí ó béèrè owó gbà-má-bìínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, apá 35 ni ó fi fún un.

Ẹ má bẹ̀rù. Ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni a ń rẹ́ jẹ.