Owó Gbà-má-bínú Kì í Ṣe Iye Ilẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn Nábótì nínú yín, gbogbo wa ni a sì ti bú Áhábù rí. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ ka ìwé náà dáadáa. Kí Jésébélì tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, Áhábù fi ọgbà mìíràn tí ó sàn ju ti Nábótì lọ̀ ọ́, tàbí iye rẹ̀ ní owó. Nábótì sì lè wí pé òun kò fẹ́. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìgalà tí èédú wà lábẹ́ oko rẹ̀ ní Okaba ńkọ́? Ta ni ó fi oko tí ó sàn jù lọ̀ ọ́?

Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ni ohun àlùmọ́nì gbogbo. Òfin ọdún 2007 sì wí, ní abala 22, pé wíwa ohun àlùmọ́nì ni ó ṣíwájú ohun mìíràn tí a lè fi ilẹ̀ ṣe. Nítorí náà àgbẹ̀ kò lè kọ̀ bí Nábótì ti kọ̀. Owó gbà-má-bínú ni ó kù fún un: ti irè oko, ti igi tí ń mú owó wá, ti ilé, àti ti ìdààmú tí ó bá ojú ilẹ̀. Òun kọ́ ni yóò sì dá iye rẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé, “A ti sanwó fún un, kí ni ó tún ń ráhùn sí?” Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, nítorí ẹni tí ó sọ ọ́ kò tíì ro ohun tí wíwa èédú lójú ilẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ihò tí a gbẹ́ wọ inú òkè lọ, bí a ti ṣe ní Ẹnúgù láti ọdún 1915. Gbogbo igbó ni a óò kọ́kọ́ ṣán. A óò wa ilẹ̀ dúdú tí iṣu fi ń ta kúrò, a ó sì dà á pọ̀ mọ́ òkúta títí a ó fi kan èédú. Ilẹ̀ tí ewé rírà ti ń sọ di ọlọ́ràá láti ayé baba ńlá, katakata a bà á jẹ́ ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó gba owó ẹ̀gẹ́ gba owó ọdún kan. Ẹni tí ó gba owó ọ̀pẹ àti kajú gba owó igi. Ṣùgbọ́n ta ni ó san owó ọdún tí ọmọ rẹ̀ ìbá fi máa kọ ẹyìn? (Baálé tí ó bá sì kó owó ìdílé sí àpò ara rẹ̀, òun náà kò sàn ju Áhábù lọ.)

Bí orílẹ̀-èdè bá nílò èédú, kí ẹni tí ń jèrè rẹ̀ san iye rẹ̀ pé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1977 ní kí a kó ilẹ̀ òkè sọ́tọ̀, kí a sì dá a padà. Ẹni tí yóò wa èédú a sì fi owó ìdúró sílẹ̀ kí ó tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ilẹ̀ tiwọn níye lórí ju tiwa lọ. Kí a fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn tí ó lè ro. Kí a máa san owó fún un lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí kòtò náà bá ṣí sílẹ̀. Kí a kọ àdéhùn ní èdè tí ó gbọ́, kí akọ̀wé tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà kà á sí i létí kí ó tó tẹ ìka.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ kọ èyí sí ojú pátákó ní ọ̀sẹ̀ yìí: ọkùnrin kan ní ogún ọ̀pẹ tí ń so lọ́dọọdún, a san owó wọn fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ mẹ́rin ni ó bí. Kí àwọn ọmọ ṣírò ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọdún kẹwàá.