Ara Tó Gbóná Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Kì Í Ṣe Àìsàn

Ẹ̀yin ìyá wa ní Lotto, Mòwé, Ìbàfọ̀ àti Ìfọ̀, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ láàárín yín pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń kó àìsàn ran ọmọ, irọ́ ni. Ẹ máa ń sọ pé, "Ara ọmọ mi dá ṣáṣá kí n tó gbé e lọ, alẹ́ ọjọ́ náà ló gbóná." Ó gbóná lóòótọ́. Ohun tí ẹ ní ó fà á ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ọmọ nítan ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá kò ní kòkòrò alààyè kankan nínú. Òkú kòkòrò tàbí ègé ara rẹ̀ ni, àti oró tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Òkú kì í bímọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ara máa ń rí i. Wọ́n á gbé e mì, wọ́n á rún un wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n á gbé ègé rẹ̀ lọ sínú àwọn kókó kéékèèké tó wà níbi tí itan ti so mọ́ ara. Ibẹ̀ ni ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀jẹ̀ funfun wà, kálukú pẹ̀lú ọ̀tá tirẹ̀ tó lè dá mọ̀. Èyí tó bá dá ègé náà mọ̀ á pọ̀ sí i, á máa tú èròjà tí ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò jáde, kí àwọn tí ń jẹ kòkòrò lè tètè mú un. Púpọ̀ nínú wọn á kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ á ṣẹ́ kù fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò sì ní gbàgbé ojú ọ̀tá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó kọ́kọ́ gbé òkú kòkòrò mì ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kó mú ara gbóná. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbóná náà ń kọ́ ìjà. Kì í ṣe gbogbo ara ló ń pariwo.

Ẹ wo apá òsì yín. Àpá róbótó yẹn, BCG ni, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Faransé ní 1921. Òun ní kòkòrò alààyè, àmọ́ ahẹrẹpẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ funfun á rọ́ lù ú, ojú ibẹ̀ á wú, á dégbò, á kó ọyún, á sì jiná fúnra rẹ̀. Òkú àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun tó jà ló kún inú ọyún yẹn. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì kò burú. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o.

Àwọn kan á ní Ọlọ́run ti dá agbára sínú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, agbára náà ni abẹ́rẹ́ ń jí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ara pàdé ọ̀tá kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ̀jẹ̀ funfun tó gbára dì, àrùn bíi tẹ́tánọ́ọ̀sì kì í sì í dúró de ọmọ.

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fún un lọ́mú. Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu. Bó bá kọ ọmú, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ara gbígbóná náà bá ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá bá sì pé, ẹ gbé e padà lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.