Ìdílé àti Ẹ̀kọ́: Bí Ọmọ Yín Obìnrin bá Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Ìbáṣepọ̀ Orílẹ̀-Èdè

 

Ní oṣù yìí, ọ̀ràn kan tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìdílé ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ọmọbìnrin kan ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan, gbogbo ilé sì ń retí kí ó rí iṣẹ́ tàbí kí ó mú àfẹ́sọ́nà wálé. Lójijì ni ó ní òun fẹ́ padà sí Akọka, ní Yábàá, láti gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Ìyá gbọ́, ó káwọ́ lérí: "Ọmọ mi, ṣé ọ̀rọ̀ ilé wa ti tán ni, tí o fi ń wá ti ilẹ̀ òkèèrè kiri?" Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìyàwó ilé fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ lọ, tí ọkọ kò sì rí ìdí rẹ̀.

A kò ní dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ gíga kò kéré rárá. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò kan ilé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó jẹ́. Ó ń kọ́ni bí ìjọba kan ṣe ń bá ìjọba mìíràn gbé: àdéhùn wọn, òwò wọn, ìjà wọn, ìlàjà wọn, àti ẹnubodè tí ó wà láàárín wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀, títí kan ti Sẹ̀mẹ̀ ní ọ̀nà Badagry. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Ìyá tí ń ná ìrẹsì ní ọjà Mushin nígbà náà kò nílò ìwé ìròyìn kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì.

Àwọn àgbà pẹ̀lú kò lè gbàgbé ọdún 1969. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó jáde. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ìgbóho tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀, wọ́n kó ọmọ wálé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà náà láti lé àlejò. Àwọn tí a lé lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù. Àpò ńlá tí wọ́n di ẹrù sí ni a ń pè ní "Ghana Must Go" títí di òní, ó sì wà lábẹ́ ibùsùn nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni, láàárín ìgbà méjèèjì, a ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ àjọ ECOWAS níhìn-ín ní Èkó, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Àdéhùn ọdún 1979 sì gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Kí ni ó dé tí a fi tún lé ènìyàn? Ìdáhùn ìjọba ni pé wíwọ̀lú yàtọ̀ sí gbígbé ìlú, àti pé ọ̀pọ̀ ti kọjá 90 ọjọ́ láìní ìwé. Ṣé ìdáhùn náà tọ́? Irú ìbéèrè tí ọmọ yín fẹ́ lọ kọ́ bí a ti ń dáhùn nìyẹn.

Obìnrin sì ti fi ẹ̀kọ́ yìí gòkè. Yunifásítì Èkó yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Joy Ogwu ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1977. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí NIIA, ilé ìwádìí ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ti Nàìjíríà. Ó di mínísítà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 2006, ó sì ṣojú wa ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti ọdún 2008 títí di 2017. Ní oṣù keje ọdún 2010, òun ni ó wà ní àga alága Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ògo ẹlòmíràn bò yín lójú. Ìwé ẹ̀rí yìí nìkan kò lè sọ ènìyàn di aṣojú ìjọba; Ààrẹ ni ó ń yan ikọ̀ orílẹ̀-èdè, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kí ọmọ ronú kan iṣẹ́ ilé ìwé, iṣẹ́ ìròyìn, àwọn àjọ aláàánú àti àwọn ilé iṣẹ́ tí ń kó ọjà wọlé. Kí ó sì kọ́ èdè Faransé mọ́ ọn, nítorí ilẹ̀ tí Faransé ti jọba rí ni ó yí wa ká. Abúlé Èdè Faransé wà ní Badagry, kò jìnnà sí wa.

Kí ẹ tó san owó, ẹ bèèrè ohun méjì lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́. Èkíní, ṣé oyè fún ìwádìí ni, tàbí oyè fún àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́? Èkejì, ṣé ó lè ṣí ilẹ̀kùn oyè ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn náà? Ní Akọka, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ní tirẹ̀, ẹ̀ka ìmọ̀ òfin náà sì ní tirẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka tí ó dá dúró fún ìmọ̀ yìí ti wà láti ọdún 1977. Bí ó bá jẹ́ abiléko ni, kí òun àti ọkọ jọ fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tí yóò mú ọmọ wálé láti ilé ìwé, àti alẹ́ wo ni yóò jẹ́ ti ìwé kíkà.

Níbi kíkọ ìwé ìwádìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rì sí, nítorí wọ́n wá kókó ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá, ibí yìí ni ẹ ti wúlò. Bí ìyá àgbà kan bá wà nínú ẹbí yín tí ó ti Gánà dé ní ọdún 1969, ẹ mú ọmọ náà lọ bá a kí ọjọ́ tó lọ. Kí ó bèèrè ohun tí wọ́n kó, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, àti ẹni tí ó gbà wọ́n sílé. Ìwé tí kò sí ní ilé ìkàwé kankan ni ẹnu irú ìyá bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́ kí ó tó pa dé.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá mọ ìtàn ilé rẹ̀ dáradára ni yóò lè sọ̀rọ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ níta. Ẹ má tètè sọ pé ó ti kàwé tó.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Olúwa bá wa wo àwọn ọmọ.