Ọmọ-iṣẹ́ tí ẹ ń pè ní olódo, ẹ má tíì lé e o!

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tàbí ọgbà mẹkáníìkì, tàbí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní agbègbè Mọ́níyà, Lálùpọn, Ẹgbẹ́dá tàbí Àkànrán, á rí i pé àwọn ọ̀gá mìíràn ti gbàgbé òwe yìí pátápátá. Ọmọ-iṣẹ́ kan a wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń pariwo lé lórí láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀gá rán an pé kó ra òwú dúdú, kó gba ṣéńjì lọ́wọ́ ìyá aláṣọ, kó sì yà lọ́dọ̀ kafíńtà bó bá ń bọ̀. Ó ra òwú, ó gbàgbé ṣéńjì, kò sì dé ọ̀dọ̀ kafíńtà rárá. "Olódo! Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ìgbátí tẹ̀lé e. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú mà." Lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan náà ni.

Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ. "Ìyá, ẹ wá máa mú ọmọ yín lọ o. Mi ò fẹ́ kí ẹ sọ pé mo jẹ owó yín gbé." Obìnrin tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ló tà kó tó rí owó ìkọ́ṣẹ́ san, á wá kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá tó ṣeé ṣe kó jẹ́ àbúrò fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni jù nìyẹn. Owó ò ní padà, ọdún tó ti lọ ò ní padà, ọmọ náà á sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò wúlò.

Òótọ́ ni pé ọ̀lẹ wà, alágídí náà wà, kò sí ọ̀gá tí kò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọpọlọ tiwọn ni kò bá ti ẹlòmíràn mu. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ bí àwọn ará àdúgbò ti máa ń sọ, kì í sì í ranni. Àwọn dókítà ti ní orúkọ fún un tipẹ́. Lọ́dún 1896, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa, tí orí rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n tí kò lè kàwé bó ti wù kí wọ́n kọ́ ọ tó. Èyí ni wọ́n ń pè ní dyslexia lónìí. Ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ń fò láti orí ọ̀kan sí èkejì, ó lè jẹ́ ADHD. Autism sì wà, tí Leo Kanner ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1943.

Autism yìí gan-an ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn òyìnbó, bí ọmọ ò bá wo ojú ènìyàn, kíá ni wọ́n á fura. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá ń wo ojú àgbà ni aláìlẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ta ni yóò fura sí èyí tó ń wolẹ̀? Ìkíni ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ́ sílẹ̀. Oníbàárà wọlé, àwọn ọmọ-iṣẹ́ yòókù kúnlẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ mà," ẹni tí à ń wí jókòó sídìí máṣíìnì bí ẹni tí kò gbọ́. "Irú ọmọ àbíìkọ́ wo lẹ gbà síbí?" Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé aṣọ oníbàárà yẹn gan-an ló ń rán lọ́wọ́, kó má sì sí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù tí rírán rẹ̀ gún tó tiẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bí obìnrin kan lọ́dún 1947, Temple Grandin lorúkọ rẹ̀. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n lọ fi í sílé ìtọ́jú, ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ariwo ń dà á láàmú, ìfọwọ́kàn ń dà á láàmú, àwòrán ló sì fi ń ronú dípò ọ̀rọ̀. Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti rí iṣẹ́: ìdí màlúù! Àwọn tó ń da ẹran ní ọjà màlúù Akínyẹlé mọ̀ ọ́n, màlúù á kàn ṣàdédé dúró pé òun ò lọ mọ́, kóńdó á sì bẹ̀rẹ̀. Grandin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀nà tí màlúù ń gbà kó lè rí ohun tí màlúù ń rí. Ẹ̀wọ̀n kan ló ń mì, tàbí òjìji ló wà nílẹ̀, tàbí kóòtù ni ẹnì kan fi kọ́ ara ọgbà. Wọ́n mú un kúrò, màlúù kọjá. Ó wá ya àwòrán ọ̀nà tó tẹ̀ kọrọdọ, tí ẹran ń bá lọ láìsí ìpayà, títí tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì màlúù Amẹ́ríkà ló ń gba inú ohun tó yàwòrán rẹ̀ kọjá. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Colorado State University. Ká ní ìyá rẹ̀ ti gbà fún wọn ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ o. Ẹlòmíràn ò ní lè dá ṣọ́ọ̀bù ṣí láéláé, ó ní láti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn ni. Ìyẹn náà iṣẹ́ ni.

Ohun tí ọ̀gá lè ṣe kò ná an ní owó kan lọ títí. Ẹni tó ń gbàgbé iṣẹ́ mẹ́ta, ẹ rán an níṣẹ́ kan, kó dé, kẹ́ ẹ tó rán an ní èkejì. Ẹni tó ń kọ 12 sí 21, tó sì ń fi bẹ́ẹ̀ ba ánkárá oníbàárà jẹ́, ẹ má fi ìwé òṣùwọ̀n nìkan dá a dúró. Ẹ ya àwòrán bùbá sínú ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà sí ibi èjìká, sí ibi apá, kí ọmọ-iṣẹ́ mìíràn kà á sókè kó tó gbé sísọ́ọ̀sì. Bí ìyẹn náà bá ṣòro, ẹ fi okùn wọn oníbàárà, kẹ́ ẹ so kókó sí i. Èyí tó ń di etí nígbà tí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ bá ń dún, ẹ má ṣe ní ó ń ṣe fàájì. Ẹ fún un ní òwú kó fi dí etí, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sídìí sísẹ́ gàrí. Ẹni tí ìyípadà ń dà láàmú, ẹ sọ fún un láti ìrọ̀lẹ́ pé ọjà la ń lọ lọ́la, kò gbọdọ̀ jẹ́ àárọ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dára ní oko adìẹ, níbi tó jẹ́ pé aago kan náà ni wọ́n ń fún adìẹ lónjẹ lójoojúmọ́, tí ẹyin 30 sì gbọ́dọ̀ pé nínú kiréètì kọ̀ọ̀kan.

Irú èrò yìí ò ṣàjèjì sí wa. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ní Àrò, Abẹ́òkúta, kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Mọ̀lẹ́bí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Àìsàn ni tiwọn, ó yàtọ̀ sí èyí tí à ń wí, àmọ́ iṣẹ́ wà nínú ohun tó gbé wọn dìde.

Ìjọba pàápàá ti dá sí i. Ní oṣù kíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́. Kì í ṣe afọ́jú àti arọ nìkan ló wà nínú òfin náà, ó dárúkọ ìronú pẹ̀lú. Ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí aláàbọ̀ ara tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́, Àbújá sì ni àjọ tó ń mójú tó òfin náà wà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ àǹfààní òfin tiwọn tó jáde lọ́dún 2010, tó ní kí agbanisíṣẹ́ tún ibi iṣẹ́ ṣe kó lè bá irú wọn mu. Tiwa ńkọ́? Ọlọ́pàá wo ni yóò wọ ṣọ́ọ̀bù onípáànù ní Èrúnmu wá bi ọ̀gá léèrè ìdí tó fi lé ọmọ-iṣẹ́?

Ẹgbẹ́ ló lè ṣe é. Ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ẹgbẹ́ onídìrí, gbogbo wọn ló ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n sì ní ìwé àdéhùn tí òbí àti oníduùró ń fọwọ́ sí. Kí ni yóò gbà wọ́n láti fi ìlà kan kún un pé a ò ní lé ọmọ-iṣẹ́ nítorí àìtètè mọ̀, àfi bí alága bá ti dá sí i, tí wọ́n sì ti yí ọ̀nà ìkọ́ni padà wò fún oṣù mẹ́ta?

Kí ìyá ọmọ náà má sì kọ́kọ́ gba ilé aláàfáà tàbí òkè àdúrà lọ nìkan. Kó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí, kí wọ́n kọ̀wé fún un lọ sí UCH, níbi tí ẹ̀ka wà fún ọ̀rọ̀ ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Bó bá débẹ̀, kó má kàn sọ fún dókítà pé ọmọ òun ò gbọ́ràn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni kó sọ: iye ọdún tí ọmọ náà jẹ́ nígbà tó sọ̀rọ̀, irú ariwo tó ń lé e sá, iṣẹ́ tó lè jókòó tì fún wákàtí mẹ́ta láìdìde. Bí ọ̀gá bá sì lè ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn kó bá wọn lọ, ó dára jù, nítorí òun ló ń rí ọmọ náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.