Náírà Márùn-ún Lórí Ìgò Mínírà

Bí gosiló bá mú ọkọ̀ ní Ìkòtún nírọ̀lẹ́, ọjà kan wà tí kì í kùtà: mínírà tútù. Kọ̀ńdọ́ dáńfó tó ti ń ké "Ìgàndò! Ìgàndò!" láti àárọ̀ á nawọ́ gba ìgò kan, á da ìdajì rẹ̀ sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fi ìyókù ti bọ́ǹsì wọlé. Owó rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ni. Kí ló wá kan ìjọba níbẹ̀?

Ìjọba àpapọ̀ ní ó kan àwọn. Nínú òfin ìṣúná tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n bu owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Zainab Ahmed tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà mẹ́nu ba àtọ̀gbẹ àti ìsanrajù, ó sì ní yóò mú owó wọlé pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́, MAN, fárí gá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìdajì lítà ni ìgò 50cl, náírà márùn-ún ló kàn án. Náírà márùn-ún kò ra píọ̀ wọ́tà kan! Láàárín owó dọ́là àti owó epo jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ọjà wọ́n, ta ló fura sí i?

Kíkéré rẹ̀ nìkan kọ́ ni àléébù rẹ̀. Lítà ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kò wọn ṣúgà. Mínírà tó ní ṣúgà 50 giramu nínú ìgò àti èyí tó ní 20 giramu, iye kan náà ni wọ́n ń san. Kí ni iléeṣẹ́ fẹ́ torí ẹ̀ dín ṣúgà kù?

Ọ̀tọ̀ lọ̀nà tí Bìrìtìkó gbé tiwọn gbà. Owó orí tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2018 kò kan ohun mímu tí ṣúgà rẹ̀ kò tó giramu 5 nínú 100ml. Èyí tó bá tó 8 ló ń san jù. Kí ọjọ́ náà tó pé, Ribena àti Lucozade ti dín ṣúgà wọn kù. Ọmọ Yorùbá tó ń mu Ribena ní Peckham kò pa ìpinnu kankan dà, síbẹ̀ ṣúgà tó ń wọ ara rẹ̀ dín kù.

Òótọ́ ni pé láàárín wa, ẹni tó bá sanra ni wọ́n ń kí pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí wọ́n á sì máa bi ẹni tó rù bóyá nǹkan ń ṣe é. Kò sí owó orí tó lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kò rí ni ìjọba lè bá wa mójú tó: oníbọ́ǹsì Ẹ̀gbẹ́dá fúnra rẹ̀ kò lè fojú mọ irú ọ̀rá tó wà nínú bọ́tà tó rà, ká má tíì sọ oníbàárà rẹ̀. Ibẹ̀ ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti wúlò: ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2022 kò gbà kí ọ̀rá trans, irú ọ̀rá tó léwu fún ọkàn, ju giramu 2 lọ nínú 100 giramu ọ̀rá. Ta ló pariwo pé wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ òun?

Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ aráàlú bíi CAPPA ti ń ké pé kí wọ́n fi kún náírà 10 yẹn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di 100 láì yí òṣùwọ̀n padà, àpò kọ̀ńdọ́ Ìkòtún ni yóò ti jáde. Iléeṣẹ́ á kàn máa po ṣúgà rẹ̀ bó ṣe ń pò ó tẹ́lẹ̀ ni.