Ọ̀pá Ìjókòó Tó Ń Lọ Sókè-Sódò: Ẹ Ra Èyí Tí Ẹ Lè Fọwọ́ Ara Yín Tún Ṣe



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti àfikún owó, kì í sì í ṣe ti wákàtí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kan àpò òṣìṣẹ́, ó sì kan orúnkún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ibi iṣẹ́ nísinsìnyí, pàápàá àwọn tó ń wọṣẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀. Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ kẹ̀kẹ́ orí òkè, èyí tí táyà rẹ̀ nípọn tí ọwọ́ rẹ̀ sì gbòòrò. Àwọn kan nínú wa a tilẹ̀ máa gbé e lọ sí igbó Epping tàbí àwọn òkè Surrey lọ́jọ́ ìsinmi. Lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ìjókòó kan wà tí ń lọ sókè tí ń lọ sódò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní dírọ́pà.

Dírọ́pà yìí ti di àríyànjiyàn ní yàrá ìjẹun wa. Àwọn kan ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Àwọn mìíràn ní bí ènìyàn bá máa rà á, èyí tó wọ́n jù ni kí ó rà. Àwa kò gba ti èkíní, a kò sì gba ti èkejì. Èrò tiwa ni pé dírọ́pà wúlò fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí òṣìṣẹ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe nìkan ni ó yẹ kí ó fi owó òógùn rẹ̀ rà.

KÍ NI IṢẸ́ RẸ̀?

Ọ̀pá méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì. Ọwọ́ ìtẹ̀ kékeré kan wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́, lẹ́bàá àtàǹpàkò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì jókòó, ìjókòó á wọlẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìdí sókè tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ tí a ká mọ́ inú rẹ̀ á tì í padà sókè.

Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè mọ̀ pé ìjókòó tó ga a máa ti ènìyàn síwájú, bí ẹni pé yóò gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣubú. Láyé àtijọ́, ṣe ni wọ́n máa ń dúró, tí wọ́n á tú ọrùn ọ̀pá, tí wọ́n á rẹ ìjókòó sílẹ̀. Ní ọdún 1984, Joe Breeze àti Josh Angell ní California ṣe sípíríǹgì kan tí wọ́n pè ní Hite-Rite, tí ń ran ìjókòó lọ́wọ́ láti padà sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ láti tú ìdè. Nígbà tí Reverb ti ilé iṣẹ́ RockShox jáde ní ọdún 2010, tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ni dírọ́pà wá gbilẹ̀. Ní ọdún 2022, Matej Mohorič, ọmọ ilẹ̀ Slovenia, fi dírọ́pà sára kẹ̀kẹ́ ìdíje ojú títì, ó bá a sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Poggio, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Milan sí San Remo. Ohun ìṣeré ọmọdé kọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n eré ìje kọ́ ni tiwa. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti orúnkún. Ìjókòó tó bá ga tó ni èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ yín á nà tán. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ìwọ̀n tó dára fún orúnkún nìyẹn. Àmọ́ ní irú gíga bẹ́ẹ̀, bí iná títì bá dá yín dúró, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń kan ilẹ̀. Nítorí ìbẹ̀rù pé kí wọ́n má ṣubú, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní 40 ọdún a rẹ ìjókòó sílẹ̀, wọ́n á sì máa gùn ún bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, orúnkún á sì máa san gbèsè rẹ̀. Dírọ́pà ló yanjú ìyẹn: ìjókòó á ga nígbà tí ẹ bá ń wa kẹ̀kẹ́, á sì wọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró, tàbí nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ òru tí ìbàdí ti le.

BÍ A TI Ń YÀN ÁN

Èkíní ni sísanra ọ̀pá. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ni mìlímítà 27.2, 30.9, 31.6 àti 34.9. Ẹ fa ọ̀pá àtijọ́ yọ, ẹ nù ún dáadáa, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà náà sí i lára. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín 30.9 àti 31.6, nítorí náà ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n. Ọ̀pá 30.9 lè wọ ihò 31.6 bí a bá fi páànù róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún un há a. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó sanra ju ihò lọ, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ fi fáìlì ha férémù. Ẹni tó ha férémù ti ba kẹ̀kẹ́ jẹ́.

Èkejì ni bí yóò ti wọlẹ̀ tó. Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí ẹni tó rí nọ́ńbà ńlá á rò pé òun ló dára jù. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìjókòó sí ibi tó bá ẹsẹ̀ yín mu, kí ẹ wá fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ẹnu férémù dé irin tó wà lábẹ́ ìjókòó. Ẹ yọ orí ọ̀pá àti ọrùn rẹ̀ tí kì í wọlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ìwé tó bá ọ̀pá wá á sọ iye rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí ìwọ̀n yín bá jẹ́ mìlímítà 210, tí orí àti ọrùn sì jẹ́ 50, ó ku 160. Ọ̀pá tí ń wọlẹ̀ ní 150 bá yín mu. Èyí tó jẹ́ 170 kò bá yín mu: bí ẹ tilẹ̀ tì í wọnú férémù dé òpin, ìjókòó á fi mìlímítà 10 ga jù fún yín, ẹsẹ̀ yín kò sì ní tó pẹ́dà dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni jíjìn ihò férémù. Ọ̀pá dírọ́pà gùn nísàlẹ̀. Férémù mìíràn tẹ̀ láàárín, òmíràn ní bóòtù tó dábùú inú rẹ̀. Ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ mọ ibi tó dúró sí. Ẹ wo ọ̀nà wáyà pẹ̀lú: bí férémù bá ní ihò tí wáyà ń gbà wọlé, ẹ lè ra èyí tí wáyà rẹ̀ ń gba inú, bí kò bá ní, èyí tí wáyà rẹ̀ ń gba ìta ni kí ẹ wá.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tó so ọwọ́ ìtẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀pá. Oríṣi mẹ́ta ló wà: ti wáyà irin bí ti bíréèkì, ti ọ́ọ̀lì inú ọ̀pá rọ́bà, irú èyí tí Reverb àkọ́kọ́ lò, àti ti bátìrì tí kò ní wáyà rárá, irú Reverb AXS tó jáde ní ọdún 2019. Gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wáyà irin kò wọ́n, ó wà ní gbogbo ilé ìtajà kẹ̀kẹ́, ẹni tó bá sì lè so wáyà bíréèkì lè so ó. Ti ọ́ọ̀lì ń fẹ́ kí a máa lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tirẹ̀. Ti bátìrì ń fẹ́ owó púpọ̀, ó sì ń fẹ́ kí ẹ rántí láti gba iná sí i. Fún òṣìṣẹ́, wáyà irin ni tiwa.

Nínú ọ̀pá náà ni ẹ̀yà kan wà tó di afẹ́fẹ́ tàbí ọ́ọ̀lì mú. Kátírììjì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń tà á lọ́tọ̀, a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Ti àwọn mìíràn, àfi kí a dì í ránṣẹ́ sí ilé àtúnṣe. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: "Ṣé ẹ ń ta kátírììjì rẹ̀ lọ́tọ̀?" Bí kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ kọjá síwájú.

BÍ Ọ̀PÁ BÁ DAṢẸ́ SÍLẸ̀

Àwa ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ẹni tó bá daṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ohun tó ń dùn ún. Kí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kí a tó lé e lọ. Ilé ìtajà kan wà tó sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ wa kan pé ọ̀pá rẹ̀ ti kú, àfi kí ó ra tuntun. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, wáyà ló dẹ̀. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Bí kò bá gòkè mọ́, tàbí tó ń gòkè bí arúgbó, ẹ kọ́kọ́ wo òrùka tó di ọ̀pá mú lẹ́nu férémù. Bí a bá fún un jù, ó ń fún ọ̀pá lọ́rùn ni. Ẹ tú u díẹ̀, kí ẹ tún dán an wò. Wọ́n sábà máa ń kọ iye agbára tó tọ́ sí ara òrùka náà; ẹ má ṣe kọjá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò ní ọrùn ọ̀pá. Òtútù náà a máa mú un lọ́ra.

Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ fa ọ̀pá jáde, ẹ tú wáyà kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ibi tí wáyà ti ń fà á. Bí ó bá lọ sókè-sódò wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀pá kò ṣẹ̀. Wáyà ló jẹ̀bi. Ó lè jẹ́ pé ó dẹ̀, tàbí ó dípẹtà, tàbí àpò rẹ̀ ká kò níbì kan nínú férémù. Bí kò bá lọ, inú ọ̀pá ni àrùn wà. Ìdánwò kan yìí ló ń gba owó sílẹ̀ jù.

Bí ó bá ń wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí tí kì í dúró níbi tí ẹ fi í sí, wáyà ti le jù, kò jẹ́ kí ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ ti. Ẹ dẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá jókòó tí ó sì rọ̀ díẹ̀ bí tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ ti bọ́ sínú ọ́ọ̀lì. Kátírììjì ló ń fẹ́ àtúnṣe tàbí ìpààrọ̀. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé a fi ìjókòó gbé kẹ̀kẹ́ nígbà tí ọ̀pá wà nílẹ̀, tàbí pé a fi ìjókòó gbé e kọ́ báyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́, ẹ jẹ́ kí ìjókòó gòkè tán.

Bí imú ìjókòó bá ń yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ má ṣe jáyà: ìyẹn kì í ṣe àrùn. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn irin kékeré tó ń dá ọ̀pá dúró nínú rẹ̀ ló ti jẹ. Wọ́n ń tà wọ́n, owó wọn kò sì tó nǹkan.

OHUN TÍ Ó KAN ẸGBẸ́

Láti ọdún 1999 ni òfin owó orí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ti fi àyè sílẹ̀ pé kí agbanisíṣẹ́ fi kẹ̀kẹ́ háyà fún òṣìṣẹ́, kí ó sì máa gba owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ kí a tó yọ owó orí. Ohun tó dára ni. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀, kí ó rántí pé kẹ̀kẹ́ kò tíì di tirẹ̀ títí ètò yóò fi parí; kí ó béèrè kí ó tó pààrọ̀ ọ̀pá. Ṣùgbọ́n irú yíyọ owó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mú owó òṣìṣẹ́ wá sísàlẹ̀ iye tó kéré jù tí ìjọba là kalẹ̀. Ká má ṣe tàn ara wa: ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wa ni ìlẹ̀kùn yìí tì mọ́. Àwọn tó ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń fọ ọkọ̀ lóru, àlòkù ni wọ́n ń lọ rà. Ẹni tó bá sì ra ọ̀pá tuntun lọ́wọ́ oníṣòwò, òfin ọdún 2015 fún un ní 30 ọjọ́ láti dá èyí tó ní àbùkù padà kí ó gba owó rẹ̀. Ẹni tó ra àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ nìkan ni ààbò rẹ̀.

Nítorí náà, ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, a ó dá àbá méjì. Èkíní, kí ẹ̀ka yìí fi owó ẹgbẹ́ ra àpótí irinṣẹ́ kan sí yàrá wa: àlẹ́ńkíì, sípánà tó ń díwọ̀n agbára, ohun tí a fi ń díwọ̀n sísanra ọ̀pá, wáyà àti gíríìsì. Èkejì, kí àwọn ọ̀gá kọ́ àtíbàbà tó ní òrùlé fún kẹ̀kẹ́, tó ní irin tí a ń so férémù mọ́, kí a yé fi ìjókòó kọ́ kẹ̀kẹ́. 

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ wá sí ìpàdé, kí ẹ wá dìbò fún un. Ẹni tó bá sì ní ọ̀pá tó daṣẹ́ sílẹ̀, kí ó gbé e wá. A ó jọ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.