Lánlọ́ọ̀dù Ní Kí Èmi Àti Jẹnẹrétọ̀ Mi Jọ Wá Ilé Míì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni mo gbé wá, ó sì kan gbogbo ẹni tí NEPA ń ṣe bó ṣe wù ú. Mo mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ NEPA padà láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, ta ló ń pè é ní nǹkan míì?

Jẹnẹrétọ̀ mi ló dédé yí ohùn padà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Kékeré ni, irú èyí táwọn èèyàn sọ lórúkọ “I better pass my neighbour,” tí kò lè gbé ju gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣàn lọ. Tẹ́lẹ̀, ariwo tiẹ̀ mọ níwọ̀n. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbàrà-gbàrà-gbàrà, bíi pé wọ́n ń fi òkúta lu páànù. Ìyá Ìbejì, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, fọgbọ́n sọ tiẹ̀. Ó ní, “Bàbá Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ẹ ti ra ẹ̀rọ ìlọta ni?”

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ò fọgbọ́n sọ ọ́ ní tiwọn. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ni wọ́n jáde sí mi. “Jọ́nálíìsì, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Tí mo bá tún gbọ́ ariwo yìí lọ́la, kí ìwọ àti ẹ̀ jọ wá ilé míì.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún un ṣe ládùúgbò. Kò tilẹ̀ jókòó tì í tó fi ní písítìnì ló ti jẹ, kí n mú N18,000 wá. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Bí mo ṣe ń gbé ẹrù mi padà, alájọgbé wa kan, tí n ò ní dárúkọ, fún mi nímọ̀ràn: kí n gbé e wọ kọ́rídọ̀ ẹ̀yìn, kí n ti ìlẹ̀kùn, ariwo ò ní jáde mọ́, olè ò sì ní gbé e. Mo sì gbà! Èmi tí mo lọ sí Póòlì, tí mò ń la àwọn ẹlòmíì lóye nínú ìwé ìròyìn.

Òjò ń ṣú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a sì ti gbogbo wíńdò. Aago mẹ́jọ ni mo tan án. Kó tó di aago mẹ́wàá, ìyàwó mi ní orí ń fọ́ òun. Àdùkẹ́ bì. Mo ní ẹ̀wà ọ̀sán ni, ìyá ẹ̀ ní ibà ni, la bá ń jiyàn. Ẹ̀yìn ìyẹn la gbọ́ igbe Ìyá Ìbejì. Kẹ́hìndé dìde fẹ́ lọ tọ̀, ẹsẹ̀ ò gbé e, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn kan ti ń pe Jésù, àwọn kan ń béèrè ẹni tó fún un ní nǹkan jẹ.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, tí mo tìtorí wọn gbé ariwo pamọ́, ni wọ́n sáré wọlé tí wọ́n pariwo pé, “Ẹ pa nǹkan yẹn! Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ kó ọmọ jáde!” Inú òjò la dúró sí kí mọ́tò tó dé. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi atẹ́gùn ọ́síjìn sí Kẹ́hìndé àti Àdùkẹ́ nímú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọlọ́run yọ wá.

Dókítà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀hún fún mi, ó sì ń wò mí bí ẹni wo ọ̀daràn. Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èéfín epo tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn, nǹkan míì ló ń rùn níbẹ̀, torí náà bí òórùn ò bá sí, kò ní kí olóró má wà. Tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ kí ọ́síjìn wà, agbára tó fi ń lẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á fọ́, òòyì á kọ́ni, èébì, àárẹ̀, oorun. Ẹni tó bá ti sùn lọ lè má mọ ìgbà tó kú. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ní Yenagoa, wọ́n bá òkú àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ilé tí wọ́n ti ń ká orin sílẹ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fura sí.

Ariwo yẹn ńkọ́? Mo padà síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ náà ti tutù. Mo fọwọ́ mi gbogbo ara ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti já, férémù ń gbo sìmẹ́ńtì. Ìyẹn kékeré. Nígbà tí mo dé ibi sailẹ́ńsà, ó ń mì bí eyín arúgbó. Àwọn bọ́ọ̀tì méjèèjì tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì ti tú, gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ti jó ya, dúdú èéfín sì ti fọ́n sí gbogbo ibẹ̀. Dúdú yẹn ló máa ń tú àṣírí, ẹ wò ó dáadáa lára tiyín. Èéfín tó yẹ kó gba inú sailẹ́ńsà ń bẹ́ jáde látẹ̀gbẹ́, ohun tó ń ké nìyẹn. Písítìnì ò ṣe nǹkan kan! Mo ra gáskẹ́ẹ̀tì, mo fi sípánà dè é le, mo sì gé táyà àtijọ́ tẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Gbogbo owó tí mo ná ò tó N18,000 yẹn rárá.

Mo tún jẹ́wọ́ ẹyọ kan. Irú jẹnẹrétọ̀ yìí, ọ́ìlì là ń pò mọ́ epo ẹ̀, ìwọ̀n kan sí epo àádọ́ta. Ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo ti wá ní ike ìwọ̀n báyìí.

Ẹ̀yìn ilé ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó jìnnà sí wíńdò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, imú sailẹ́ńsà kọjú síta. Páànù kékeré ló bò ó lórí, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, mo sì fi ṣéènì dè é mọ́ irin torí àwọn olè. A ṣì ń gbọ́ ariwo ẹ̀. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ò sọ̀rọ̀ mọ́, àfi tó bá ti di aago mẹ́wàá.

Ìyá Ìbejì ti ń dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn wọn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn ilé, kí wọ́n lọ wò ó bóyá ibẹ̀ náà ló ṣì wà.